Iná Tó Já Lójú Ọ̀run Nírọ̀lẹ́: Ohun Tí Ojú Rí àti Ohun Tí Ẹnu Ń Fi Kún Un

Ẹni tó bá rí iná ńlá tó já lójú ọ̀run, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi í: "Níbo ló já sí?" Wọ́n bi mí títí ó fi sú mi. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ojú ẹni kò lè dáhùn. Ohun tí ojú lè sọ ni apá ibi tó ti yọ, apá ibi tó kú sí, bó ṣe ga tó nígbà tó kú, àti bó ṣe pẹ́ tó. Bí èèyàn bá di mẹ́rin wọ̀nyí mú, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣírò á bá a wá ibi tó já sí. Bó bá jẹ́ kí wọ́n bọ́, ìtàn lásán ló kù sí i lọ́wọ́, ìtàn ọ̀hún á sì máa sanra sí i ni lójoojúmọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni tèmi. Oòrùn ti wọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Ìwọ̀-oòrùn ṣì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àgùàlà nìkan ló sì ti yọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró níta, à ń tàkúrọ̀sọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, èmi kọjú sí i, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ni mo kọ sí ibi tí nǹkan náà ti yọ. Ara ògiri ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mọ́lẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí mọ́tò bá tan iná ńlá síni láti ẹ̀yìn, òjìji èmi àti tirẹ̀ sì hàn ketekete lára rẹ̀. Mo ti fẹ́ bínú sí awakọ̀ tí kò sí níbẹ̀, kí n tó rí i pé òjìji náà ń rìn. Àwa dúró sójú kan. Òjìji wa ń fẹ̀gbẹ́ rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó sì ń ga sí i lára ògiri. Kò sí mọ́tò tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n: ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ti gé sí méjì.

Nígbà tí mo máa fi yíjú, ó ti rìn kọjá ìdajì ọ̀nà rẹ̀. Orí rẹ̀ funfun débi pé kò ṣeé tẹjú mọ́, etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ìrù pupa rúsúrúsú sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdágẹ̀rẹ̀, láti apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn lọ sí apá àríwá. Ó tún mọ́lẹ̀ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fọ́ sí mẹ́ta: ọ̀kan ńlá níwájú, kéékèèké méjì lẹ́yìn. Àwọn kékeré pọ́n, wọ́n kú. Ńlá náà rìn síwájú díẹ̀, òun náà pọ́n, ó kú. Ìlà èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù tó ń tàn fírífírí, kò sì pẹ́ tí òun náà fi pòórá.

"Àbúrò, o rí i? O rí i?" Ẹ̀gbọ́n ti na ìka.

Ọmọ ti sáré dé. "Dádì, ẹ̀yìn ilé yẹn ló já sí! Ẹ jẹ́ ká lọ mú un!"

"Kò ju ẹ̀yìn àwọn igi yẹn lọ," ni baba rẹ̀ wí. "Mo rí i tó wọlẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i tó wọlẹ̀ o," ni mo fèsì. "Ẹ rí i tó kú ni."

Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Nígbà tó bá tilẹ̀ sún mọ́ wa jù lọ, àgùàlà fi nǹkan bí ìlọ́po 100 jìnnà ju òṣùpá lọ, síbẹ̀ lójú ẹni tó ń wò wọ́n, ọwọ́ wọn fẹ́ẹ̀ kan ara wọn. Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ilé, igi àti èèyàn, a mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó, ìdí nìyẹn tí a fi lè fojú díwọ̀n bí wọ́n ṣe jìnnà sí wa tó. Iná tí a ò mọ ìtóbi rẹ̀, ojú á kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe òrùlé. Ẹni tó wà ní ìlú tó jìnnà réré sí wa náà á búra pé ẹ̀yìn igi tòun ló já sí.

Irú iná bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè. Èyí tó bá wọlé jìnnà nínú wọn máa ń kú níbi tó fi nǹkan bí 20 sí 50 kìlómítà ga ju ilẹ̀ lọ. Bàálù akérò kì í sábà ga ju 12 lọ. Ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ di ìkúùkù. Ìkúùkù yẹn, láti etí kan dé èkejì, fẹ̀ tó nǹkan bí dígírì 10 lójú ọ̀run. Ìka tó kéré jù lọ fẹ̀ tó dígírì 1. Ìkúùkù kan àti ààbọ̀ ni ibi tí tiwa kú sí fi ga, ìyẹn dígírì 15. Bí a bá gbà pé 30 kìlómítà ló wà sókè nígbà náà, ìṣirò rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an fi nǹkan bí 110 kìlómítà jìnnà sí wa. Ọmọ náà ti ń wá bàtà rẹ̀ kiri.

Mo ti ń wo ojú ọ̀run tipẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà mo mọ̀ pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó bá tẹ̀ lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ṣòfò. Mo wo aago, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi. Kí kálukú kọ tirẹ̀ sínú ìwé ná."

"Kí ló dé? Ṣé ilé ẹjọ́ la wà ni?"

"Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gba bírò. Ìdí tí mo fi taku ni pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù lọ ló máa ń ti ohun tí òun rí bọ ojú àwọn tó kù. Bí bàbá bá ti sọ pé funfun ni, ọmọ á gbàgbé pé àwọ̀ ewé lòun rí. Kì í ṣe pé ó parọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ló bá a tún un ṣe láìjẹ́ kó mọ̀. Nígbà tí a ka ìwé náà, ọmọ kọ "àwọ̀ ewé", ẹ̀gbọ́n kọ "funfun, ó ń ṣẹ́jú", èmi kọ èyí tí mo ti sọ lókè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè jẹ́ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n rí i láti ìbẹ̀rẹ̀, apá ìparí rẹ̀ ni mo bá, ojú ọmọdé sì mú ju tàwa méjèèjì lọ.

Orí bó ṣe pẹ́ tó ni awuyewuye wà. Ẹ̀gbọ́n kọ "ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko". Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, kó nàka sí ibi tí iná náà ti yọ, kó wá máa fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bó ṣe rìn gan-an, kó má yára jù, kó má lọ́ra jù, títí dé ibi tó kú sí. Mo fi fóònù ka àkókò rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 6. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Mẹ́fà náà ni. Ọmọ ṣe tirẹ̀, ó jẹ́ 5. Ẹ̀rù àti ìyanu máa ń fa àkókò gùn lẹ́nu èèyàn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọwọ́ kì í tètè gbàgbé bí nǹkan ṣe yára tó. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ fún mi pé nǹkan kan pẹ́ lójú ọ̀run, ìka rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a padà sójú ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rántí pé lápá òsì òpó iná kan ló ti yọ, ó sì kú lókè igun òrùlé kan. Òpó àti òrùlé kì í rìn, wọn kì í sì í gbọ́ ìsọkúsọ, nítorí náà mo gbà wọ́n gbọ́ ju wa lọ. Ẹ rí i dájú pé ojú ibi tí ẹ dúró sí gan-an lẹ padà sí, torí bí ẹ bá fi mítà díẹ̀ sún, igun òrùlé náà á ti kúrò lábẹ́ ibi tí iná kú sí. Kọ́ńpáàsì orí fóònù ni mo fi wo apá ibẹ̀. Mo kọ́kọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò àti géètì onírin, nítorí irin máa ń ṣi kọ́ńpáàsì lọ́nà.

Kí ló ń jó gan-an? Kì í ṣe ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, oòrùn ni láyè ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló já lù wá, kò ní sẹ́ni tó máa ròyìn. Òkúta ni, èyí tó ti ń yí oòrùn ká láti ìgbà láéláé, tí ọ̀nà rẹ̀ wá bá ti ayé pàdé. Eré tí wọ́n fi ń wọ inú afẹ́fẹ́ wa wà láàárín 11 sí 72 kìlómítà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tó wà níwájú nǹkan tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò ráyè yà fún un; ó fún pọ̀, ó gbóná dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dígírì, ooru yẹn ló ń yọ́ ara òkúta náà tó sì ń bó o. Èyí tí kò ju horo yanrìn lọ á kọ yẹ̀rì lóru, òun ni ìràwọ̀ tó ń já tí gbogbo wa máa ń rí. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ ju àgùàlà lọ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní fireball, ó sì lè jẹ́ òkúta tí èèyàn ì bá fi ọwọ́ kan gbé ló ṣe gbogbo ariwo ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ìṣirò NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú l'Amẹ́ríkà, ni pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 48 irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń wọ afẹ́fẹ́ ayé lójoojúmọ́, eruku ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọ̀ ewé tí ọmọ rí kò yà mí lẹ́nu. Àwọn èròjà inú òkúta ló ń fún un ní àwọ̀: magnesium máa ń tàn ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ búlúù, sodium máa ń mú un pọ́n rúsúrúsú, afẹ́fẹ́ tó gbóná fúnra rẹ̀ sì ní pupa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá mọ́lẹ̀ kọjá ààlà máa ń rú ojú lójú nípa àwọ̀, nítorí náà mi ò ní torí àwọ̀ nìkan sọ pé mo mọ ohun tó wà nínú òkúta náà.

Ìrọ̀lẹ́ tó bọ́ sí tún ní ìtumọ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, apá ibi tí a wà lára ayé ló kẹ́yìn sí ọ̀nà tí ayé ń tọ̀ yí oòrùn ká. Òkúta tó bá máa wọlé bá wa lákòókò náà gbọ́dọ̀ lé wa bá láti ẹ̀yìn, eré tó fi ń pàdé wa á sì dín kù. Lídàájí, àwa la ń sáré lọ forí sọ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ti ìrọ̀lẹ́ fi sábà máa ń lọ́ra díẹ̀, tó máa ń pẹ́ lójú, tí ègé rẹ̀ sì ní ìrètí àtidé ilẹ̀.

Kí n tó gbà pé òkúta ni, mo yẹ àwọn nǹkan mìíràn wò. Bàálù máa ń ṣẹ́ iná, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kọjá. Sátẹ́láìtì kì í ní ìrù. Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni àjákù rọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí sátẹ́láìtì tó ti kú tó ń já bọ̀ wálẹ̀. Eré tirẹ̀ kì í ju nǹkan bí 8 kìlómítà nínú ìṣẹ́jú àáyá lọ, ó lè lò ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó kọjá, àwọn ègé rẹ̀ á sì tò tẹ̀ léra lọ gbọọrọ. Ìṣẹ́jú kan gbáko tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ kọ, ká ní mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àjákù rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó bá kà á ì bá pè é.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, orí WhatsApp ti gbóná. Ẹnì kan ní bàálù ló já. Ẹlòmíràn ní àwọn ológun ló ń dán nǹkan wò. Àwọn kan ní ayé ti parí, kí kálukú ronú pìwà dà kó tó di alẹ́. Fídíò kan tẹ̀ lé e: iná funfun ràbàtà kọjá níwájú mọ́tò tó ń lọ, wọ́n ní tiwa nìyẹn. Yìnyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú fídíò ọ̀hún, ooru sì ń mú àwa tí à ń wò ó. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí yìnyín ti wá. Fídíò Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà ni, ti ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀, torí ó jẹ́ kí n rí nǹkan sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Òkúta tó fẹ̀ tó nǹkan bí 20 mítà ni ti Chelyabinsk, nǹkan bí 30 kìlómítà sókè ló ti bú gbàmù. Nǹkan bí 1,500 èèyàn ló fara pa. Òkúta kọ́ ló bà wọ́n: gíláàsì ló gé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìmọ́lẹ̀ yára dé, àwọn èèyàn sáré lọ sójú fèrèsé kí wọ́n lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà kí ìgbì afẹ́fẹ́ tó dé, ó sì fọ́ fèrèsé lé wọn lórí. Ẹni tó bá wà nínú ilé tí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn bá tàn, kó kúrò níwájú gíláàsì, kó ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó lọ yọjú. Ìró máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 lórí kìlómítà kan. Ká ní tiwa bú, ó máa tó ìṣẹ́jú 6 kí ìró rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní ká dákẹ́, ká fetí sílẹ̀. A gbọ́ ajá, a gbọ́ ìlẹ̀kùn, a ò gbọ́ ohun tó jọ ọ́.

Ẹ má ṣe fojú kéré ohun tí aráalú bá sọ, bó ti wù kó rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an kọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láti gbà pé òkúta lè ti ojú ọ̀run wá. Ernst Chladni, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lọ́dún 1794 pé òde ayé ni wọ́n ti ń wá, ọ̀pọ̀ ló fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1803, nǹkan bí 3,000 òkúta rọ̀ sí àgbègbè L'Aigle ní ilẹ̀ Faransé lọ́sàn-án gangan. Ìjọba rán ọ̀dọ́ onímọ̀ kan, Jean-Baptiste Biot, pé kó lọ wádìí. Ọgbọ́n tó lò ló wù mí: kò gba L'Aigle lọ tààrà. Ibi tó jìnnà síbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bi àwọn tó bá pàdé lọ́nà ní ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́. Ó bi òṣìṣẹ́, ó bi àlùfáà, ó bi ọmọdé. Nígbà tó rí i pé àwọn tí kò mọ ara wọn rí ń sọ ohun kan náà, tí òkúta sì wà nílẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ wọn mu, ó kọ ọ́ sílẹ̀, iyèméjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́kàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀, ohun tí Biot ń wá kiri nìyẹn.

Òkúta ńkọ́? Láìpẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá fún mi, ó dúdú kirikiri, ó ní ó ṣì ń jóni lọ́wọ́ nígbà tí òun he é. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ kí n tó wò ó. Nígbà tí iná bá ti kú, òkúta tó bá ṣẹ́ kù á máa já bọ̀ nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Eré rẹ̀ ti dín kù pátápátá, afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún sì tutù ju yìnyín lọ. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì lè tutù, ṣùgbọ́n kì í dáná sun koríko. Èyí tí ọkùnrin náà gbé wá kún fún ihò wínníwínní, ó sì fúyẹ́. Ìdàrọ́ ni, irú èyí tó máa ń ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n bá ti yọ́ irin. Òkúta ojú ọ̀run gidi sábà máa ń wúwo ju bí ìtóbi rẹ̀ ṣe rí lọ, èèpo dúdú fẹ́lẹ́ á bò ó níta, inú rẹ̀ kì í sì í ní ihò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òun rí ọ̀kan, kó ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kó fi ohun mímọ́ gbé e, kó má sì fi òòfà kàn án. Gbogbo èèyàn ló máa ń sáré mú òòfà wá, òun gan-an ló sì ń pa agbára òòfà àtijọ́ tó wà nínú òkúta rẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ì bá kà bí ìwé.

Nígbà mìíràn, òkúta máa ń wá báni. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní agbègbè Katsina, nígbà tó gbọ́ ìró ńlá, nǹkan sì bà lulẹ̀ ní nǹkan bí mítà 3 sí i. Òkúta tó tó kìlógíráàmù 18 ni, ó ti gbẹ́ ihò wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ara Máàsì, ọ̀kan lára àwọn tó ń yí oòrùn ká bíi ti ayé wa, ló ti ṣí wá. Nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Mars Global Surveyor lọ sí Máàsì lọ́dún 1996, wọ́n fi ègé bíńtín lára òkúta Zagami sínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ìtàn òkúta tí mo mọ̀ lọ: ó ti Máàsì wá sínú oko àgbàdo, ó tún bá ọkọ̀ padà síbi tó ti wá.

Ti Sudan yàtọ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n rí òkúta kan lójú ọ̀run tí wọ́n pè ní 2008 TC3. Kó tó pé ọjọ́ kan ó ti já sínú aginjù Nubia. Òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí kó tó já. Onímọ̀ méjì, Muawia Shaddad ti Yunifásítì Khartoum àti Peter Jenniskens, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, wọ́n tò lọ gbọọrọ nínú yanrìn, wọ́n ń rìn, wọ́n ń wolẹ̀. Ègé tó lé ní 600 ni wọ́n ṣà.

Ẹ̀rọ awò-ọ̀run kò rí tiwa kó tó já, nítorí náà ẹ̀rí ojú ló kù. Mo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo bá fọ́ọ̀mù International Meteor Organization, àjọ tó ń gba ẹ̀rí àwọn tó rí irú iná bẹ́ẹ̀ jọ. Ọ̀fẹ́ ni, American Meteor Society náà ní tirẹ̀. Gbogbo ohun tí a ti wọ̀n ni wọ́n béèrè: ibi tí a dúró sí, apá ibi tó ti yọ àti ibi tó kú sí, bó ṣe ga tó, iye ìṣẹ́jú àáyá, bóyá ó fọ́. Ẹ̀rí ẹnì kan, ìlà kan ṣoṣo ló máa fà lórí àwòrán ilẹ̀, iná náà sì lè wà níbikíbi lórí ìlà yẹn. Ẹ̀rí ẹni tó wà ní ìlú mìíràn ló máa fa ìlà kejì tí yóò dábùú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà níbi jíjìnnà, tó rò pé ohun tóun rí kò tó nǹkan, fi wúlò ju aládùúgbò mi lọ. Ẹni tí kámẹ́rà ilé tàbí ti mọ́tò rẹ̀ bá ká a, kó má gé fídíò náà, kó má sì sún un títí òrùlé á fi kúrò nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tó tún dá ìjà sílẹ̀: ǹjẹ́ a gbọ́ ohun kan nígbà tí iná náà ń kọjá lọ́wọ́? Mo kọ "rárá" fún ara mi. Ẹ̀gbọ́n ní òun gbọ́ "ṣììì" nígbà tó mọ́lẹ̀ jù. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ìró tó máa lo ìṣẹ́jú 6 lọ́nà kò lè bá ìmọ́lẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun kò bi mí ní ìṣirò, ohun tí etí òun gbọ́ lòun ń sọ.

Kò dá wà. Ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí àwọn èèyàn ti ń sọ bẹ́ẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń dá wọn lóhùn pé ọkàn wọn ló ń dún. Lọ́dún 2017, àwọn olùṣèwádìí ní Sandia National Laboratories l'Amẹ́ríkà àti ẹlẹgbẹ́ wọn láti orílẹ̀-èdè Czech gbé àlàyé kan jáde. Ìmọ́lẹ̀ irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹ́jú kíákíá. Bó bá tàn sára ohun dúdú tó fẹ́lẹ́, bí irun, ewé tàbí aṣọ, nǹkan náà á máa gbóná á máa tutù bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń ṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ á sì gbọ̀n, ìró kékeré á jáde lẹ́bàá etí ẹni tó ń wò ó. Iná náà gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ tó òṣùpá àrànmọ́jú. Tiwa, tó gbé òjìji rìn lára ògiri nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, kò kéré sí i.

Mo ka èyí sétí ẹ̀gbọ́n. Inú rẹ̀ dùn débi pé mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú o, sà. Wọ́n ní irun wà lára ohun tó máa ń dún. Irun wo lẹ ní lórí?"

Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. "Wọn ò ha sọ pé aṣọ? Fìlà ńkọ́? Ṣé mi ò dé fìlà dúdú lọ́jọ́ náà ni?"

Ọmọ rẹ̀ ní lóòótọ́ ni, ó dé e. Mo padà sínú fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé: ẹlẹ́rìí kejì gbọ́ ohun kan bí iná náà ṣe ń kọjá, ó dé fìlà dúdú.